"Fojú pa rẹ́" ló bá a mu, kì í ṣe "gbàgbé"

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àròjinlẹ̀. Lórí ọ̀rọ̀ tí a ó fi kọ ìtàn ìdótì ìlú Mafeking ní Yorùbá, wọ́n dábàá pé kí a máa pe àwọn ènìyàn dúdú tó wà nínú rẹ̀ ní "àwọn tí ìtàn gbàgbé". Mi ò fara mọ́ ọn. Ohun tó bọ́ lọ́kàn ẹni là ń gbàgbé. Ẹni tí a rí, tí a lo agbára rẹ̀ tán, tí a wá ṣe bí ẹni pé kò sí níbẹ̀, a fojú pa á rẹ́ ni.

Láti oṣù kẹwàá 1899 di 17 oṣù karùn-ún 1900 ni àwọn Bóà, àwọn òyìnbó tó ń bá Gẹ̀ẹ́sì jagun, fi dó ti ìlú náà ní Gúúsù Áfíríkà. Àwọn Barolong, ẹ̀yà dúdú tó ni ilẹ̀, gbé ìbọn láti gbèjà ìlú. Òru ni wọ́n ń yọ́ gba àárín ọ̀tá kọjá, tí wọ́n ń da màlúù wọlé, tí wọ́n sì ń gbé lẹ́tà jáde. Ní 12 oṣù karùn-ún, Eloff, ọ̀gá kan láàárín àwọn Bóà, kó ọmọ ogun gba àdúgbò àwọn Barolong wọlé ní ìdájí. Àwọn Barolong dí ọ̀nà mọ́ àwọn ọmọ ogun náà lẹ́yìn, kò sì sí ìrànlọ́wọ́ tó lè bá Eloff nínú ìlú. Síbẹ̀, lẹ́yìn ogun, Baden-Powell tó jẹ́ ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀ sọ níwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí pé ṣe ni àwọn Barolong sá. Ṣé ìgbàgbé nìyẹn?

"Gbójú fò" sún mọ́ ọn díẹ̀, àmọ́ ènìyàn lè ṣèèṣì gbójú fo nǹkan. Èyí kì í ṣe èèṣì.

"Ọmọ ìbílẹ̀" tí wọ́n tún lò, ó ń dùn mí. Ta ni ọmọ ìbílẹ̀ níbẹ̀? Barolong ni. Àwọn Mfengu wá láti ibòmíràn. Àwọn Shangaan jẹ́ òṣìṣẹ́ ibi ìwakùsà tí ogun lé dé ibẹ̀, wọn ò ní oko, wọn ò ní ẹbí. Nígbà tí oúnjẹ wọ́n, tí ọbẹ̀ ẹran ẹṣin di ohun tí ènìyàn dúdú ń tò fún, àwọn ni ìyà jẹ jù. Tí a bá dà wọ́n pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan, ìyàn ẹni tí a ń sọ kò ní yé ẹnikẹ́ni.

Sol Plaatje, ògbufọ̀ ilé ẹjọ́ níbẹ̀, ọmọ ọdún 23, ń kọ ohun tó ń rí sílẹ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀. Ó kú ní 1932; 1973 ni wọ́n tó tẹ ìwé náà. Ọ̀rọ̀ náà "ìdótì" ní tirẹ̀ dára, ó ti wà nínú Bíbélì wa, ẹ jẹ́ kó dúró. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ Barolong, ẹ kọ Mfengu, ẹ kọ Shangaan.