Kí ni iṣan ara Hercules tí Goltzius fín ń sọ?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa àwòrán àtijọ́. Mo ń wo àwòrán ńlá ti Hercules, akọni alágbára inú ìtàn àtijọ́ àwọn ará Gíríìsì, tí Hendrick Goltzius ti ìlú Haarlem ní Nẹ́dálándì fín sára bàbà lọ́dún 1589, kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Iṣan ara akọni náà wú kókó-kókó kọjá ti ènìyàn. Ṣé ẹ̀fẹ̀ ni Goltzius ń ṣe ni, àbí àmì kan ló wà níbẹ̀?

Èsì kìn-ín-ní
Ẹ kọ́kọ́ gbójú kúrò lára iṣan, kí ẹ wo ọwọ́ rẹ̀. Yàtọ̀ sí kùmọ̀, ẹ óò rí ìwo Achelous, òrìṣà odò tó sọ ara rẹ̀ di akọ màlúù láti bá a jà. Ìjàkadì náà gan-an hàn ní kékeré lẹ́yìn. Nínú ìtàn tí Ovid, akéwì Róòmù àtijọ́, sọ, àwọn omidan odò fi èso àti òdòdó kún ìwo yìí, ó sì di àmì ọ̀pọ̀ yanturu. Lójú tèmi, agbára tó ń mú ọrọ̀ jáde látinú ìjà ni ó ń fi hàn. Àwọn onímọ̀ kan tilẹ̀ so ó mọ́ àwọn ìpínlẹ̀ Nẹ́dálándì tó parapọ̀ ní Utrecht lọ́dún 1579, tí wọ́n sì ń bá ọba Sípéènì jagun.

Èsì kejì
Mo gba ti ìwo, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rọra pẹ̀lú ti òṣèlú. Rudolf Kejì, Olú-ọba Ilẹ̀ Róòmù Mímọ́, tí í ṣe ìbátan ọba Sípéènì, ni Goltzius fi ọ̀wọ́ àwòrán àwọn akọni Róòmù rẹ̀ ti ọdún 1586 júbà fún. Ẹ tún wo ìlà náà fínnífínní: bí ó bá ti dé ibi òjìji iṣan, á sanra, á sì tín-ín-rín níbi tí ìmọ́lẹ̀ bọ́ sí, nítorí pé ọwọ́ ń tẹ irin ìfín mọ́lẹ̀, ó sì ń dẹ̀ ẹ́. Ìṣàfihàn iṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ níbẹ̀ ju ọ̀rọ̀ ìlú lọ.

Èsì kẹta
Ẹ fi í wé Icarus, Phaethon, Tantalus àti Ixion, àwọn agbéraga tó jìyà nínú ìtàn àtijọ́ Gíríìsì, tí Goltzius fín lọ́dún 1588 láti inú àwòrán ayàwòrán Cornelis van Haarlem. Ara tiwọn náà kún fún iṣan, síbẹ̀ wọ́n ń já bọ́ láti òfuurufú, kò sí ilẹ̀ kankan lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, ọ̀rọ̀ Látìn tó yí àwòrán kọ̀ọ̀kan ká sì ń bá ìgbéraga wọn wí. Iṣan nìkan kò lè jẹ́ àmì ìwà akọni, nígbà tí àwọn tó ṣubú náà ní in.