Ṣé iṣẹ́ tó lè bọ́ ènìyàn ni kíkọ àwọn èdè kéékèèké sílẹ̀?

Ìbéèrè, láti ọwọ́ Akẹ́kọ̀ọ́jáde

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè. Mo ti gba oyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè àti èdè Yorùbá, mo sì ń ṣe àgùnbánirọ̀ lọ́wọ́ ní ìgbèríko kan ní Ìpínlẹ̀ Plateau, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ti ń sọ èdè kan nílé tí n kò tíì rí ìwé kankan tí a fi kọ, tí wọ́n sì ń yí sí Haúsá ní kété tí wọ́n bá dé ọjà. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bí ẹni tí ó fi ṣíṣe àkọsílẹ̀ irú èdè bẹ́ẹ̀ ṣe iṣẹ́ ṣe ń rówó gbọ́ bùkátà, ẹni tí ń san owó náà, àti ohun tí ó ń ṣe gan-an láti òwúrọ̀ di alẹ́. Bàbá mi, tí í ṣe oníṣirò owó, ní òun kò tíì rí ìwé ìròyìn tí ń polówó pé wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa gba èdè sílẹ̀, n kò sì rí èsì fọ̀ fún wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìwúrí nìkan dá mi lóhùn. Ẹ sọ ibi tí ó ti le.

Èsì, láti ọwọ́ Olùkọ́ Fáfitì

Bàbá yín kò parọ́. Olùkọ́ fáfitì ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwa tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà. Owó oṣù ìkọ́ni ni a fi ń jẹun, owó ìrànwọ́ tí a kọ̀wé béèrè fún ni a sì fi ń ṣe ìwádìí. Èyí tí a mọ̀ jù ni Endangered Languages Documentation Programme, tí àjọ Arcadia ń fún lówó. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 2002, ó wà ní SOAS, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní London, títí di 2021 tí wọ́n gbé e lọ sí Berlin, kò sì pọn dandan kí ẹni tí ń béèrè owó náà jẹ́ òyìnbó tàbí kí ó máa gbé òkè òkun. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé kí gbogbo ohùn àti fídíò tí ẹ bá gbà wọ inú ilé ìpamọ́ wọn, ELAR, kí ẹlòmíràn lè gbọ́ wọn lẹ́yìn yín. Bí ẹ bá fẹ́ fi èyí ṣe iṣẹ́ títí lọ, oyè kejì àti oyè ọ̀mọ̀wé wà lójú ọ̀nà, ó sì lè pẹ́ kí owó àkọ́kọ́ tó tẹ̀ yín lọ́wọ́. Àwọn ẹgbẹ́ bíi Masakhane, tí ń ṣiṣẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè gbọ́ èdè Áfíríkà, ti ṣí ilẹ̀kùn mìíràn, àmọ́ àwọn èdè ńlá bíi Yorùbá àti Haúsá ni wọ́n ń jàǹfààní rẹ̀ jù.

Ìdí tí a fi ń ṣe é náà kò ṣẹ̀yìn àwọn nǹkan tí a ti rí. Ní 1994 sí 1995, Bruce Connell, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè kan, ń ṣe ìwádìí ní agbègbè àwọn Mambila ní Cameroon, ó sì ṣalábàápàdé èdè kan tí ń jẹ́ Kasabe, tí ó ku ẹnì kan ṣoṣo, Bogon, tí ń sọ ọ́. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni Connell rí gbà. Nígbà tí ó padà lọ ní 1996 kí ó lè ṣe iṣẹ́ náà délẹ̀délẹ̀, wọ́n sọ fún un pé Bogon ti kú ní ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá 1995.

Èkejì ni mo fẹ́ràn láti máa sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Kay Williamson, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè tí ó kọ́ni ní Ìbàdàn kí ó tó lọ sí Port Harcourt, tẹ gírámà Kolokuma, ẹ̀ka-èdè Ịjọ kan ní Niger Delta, jáde ní 1965. Ó tó nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn èyí kí onímọ̀ mìíràn, Ian Robertson, tó rí àwọn arúgbó kan lẹ́bàá odò Berbice ní Guyana, tí wọ́n ń sọ èdè àdàlù kan tí Dutch wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ti Dutch rárá. Nígbà tí Robertson, Norval Smith àti Williamson gbé àwọn ọ̀rọ̀ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ịjọ ti apá ìlà-oòrùn, wọ́n bára mu, àpilẹ̀kọ wọn sì jáde ní 1987. Bí kò bá sí ẹni tí ó ti kọ Ịjọ sílẹ̀, ta ni ì bá mọ ibi tí wọ́n ti kó àwọn baba ńlá àwọn arúgbó wọ̀nyẹn lẹ́rú? Ó sì dájú pé ẹni tí ń kọ Kolokuma sílẹ̀ nígbà náà kò ro ti Guyana.

Èsì, láti ọwọ́ Ọmọ Àkókó

Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹ̀yin onímọ̀ láti sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn tí ẹ̀ ń gba ohùn wọn. Ní Àkókó wa, ẹni tí ó bá gun ọ̀kadà ní àárọ̀ kan ṣoṣo lè la inú èdè mẹ́ta kọjá, Yorùbá sì ń gba ẹnu àwọn ọmọ lọ́wọ́ gbogbo wọn. A ti rí àwọn tí wọ́n wá, tí wọ́n jókòó ti àwọn ìyá wa, tí wọ́n gba ìtàn sílẹ̀, tí wọ́n fi gba oyè, tí a kò sì gbúròó wọn mọ́. Ohùn ìyá náà lè wà ní ìpamọ́ ní Yúróòpù, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ kò mọ bí a ṣe ń débẹ̀.

N kò ní gbogbo wọn ló rí bẹ́ẹ̀. Sophie Salffner, tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní SOAS lórí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ nínú èdè Ikaan ti Ìkákùmọ̀, tún ṣe àkójọ kan lórí oko, oúnjẹ àti iṣu, èyí tí àgbẹ̀ lè gbọ́ kí ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilé òun ni. Olùkọ́ pẹ̀lú kò mẹ́nu bà á pé Williamson kan náà wà lára àwọn òpó iṣẹ́ Rivers Readers, tí ó mú kí ìwé kíkà wà fún àwọn ọmọdé ní ọ̀pọ̀ èdè Ìpínlẹ̀ Rivers. Ìwé kíkà ni àwa ń béèrè. Kí Akẹ́kọ̀ọ́jáde tó máa wádìí bí iṣẹ́ yìí yóò ṣe bọ́ ọ, kí ó kọ́kọ́ wádìí ohun tí yóò kù sọ́wọ́ àwọn ọmọ tí ó ń kọ́.

Èsì, láti ọwọ́ Ẹni Iṣẹ́ Pápá

Èmi yóò dáhùn ìbéèrè òwúrọ̀ di alẹ́. Ìjókòó ló pọ̀ jù níbẹ̀. Bí ẹ bá gba ohùn wákàtí kan, tí ẹ fẹ́ ṣe àdàkọ rẹ̀, kí ẹ pín in sí gbólóhùn, kí ẹ túmọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì kọ iṣẹ́ mọ́fíìmù kọ̀ọ̀kan (ẹyọ tí ó kéré jù lọ tí ó ní ìtumọ̀ nínú ọ̀rọ̀) sábẹ́ rẹ̀, ó lè gbà yín ní wákàtí 40, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ bí àwọn tí ń sọ̀rọ̀ bá ń já lu ara wọn. Ẹ kò lè dá a ṣe. Abẹ́nà ìmọ̀, ìyẹn ẹni tí ń sọ èdè náà, gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín tí yóò máa tún gbólóhùn sọ díẹ̀díẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ san owó fún un, nítorí oko rẹ̀ ni ó fi sílẹ̀ wá.

Àǹfààní tí àwa ọmọ Yorùbá ní ni pé etí wa ti mọ ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ láti kékeré. Ewu ibẹ̀ ni pé a máa ń gbọ́ ohùn mẹ́ta nínú èdè tí ó ní méjì péré. Ọ̀nà tí mo gbẹ́kẹ̀ lé ni kí n ní kí abẹ́nà ìmọ̀ fi ẹnu súfèé ọ̀rọ̀ náà, torí pé bí kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì bá ti kúrò lọ́nà, ohùn nìkan ni yóò ṣẹ́ kù. Lẹ́yìn náà ni n óò fi Praat, ètò kọ̀ǹpútà tí Paul Boersma àti David Weenink ṣe ní Amsterdam, yẹ ohun tí etí mi gbọ́ wò. ELAN, ètò mìíràn tí wọ́n ṣe ní Nijmegen, ni mò ń lò fún àdàkọ, ètò FLEx ti àjọ SIL sì wà fún ìwé atúmọ̀ èdè. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn. Iná mànàmáná tí a ó fi lò wọ́n ní abúlé ni kì í ṣe ọ̀fẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́jáde

Mo dúpẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ gbogbo yín, pàápàá jù lọ lọ́wọ́ Ọmọ Àkókó, nítorí n kò tilẹ̀ ro ọ̀nà ibẹ̀. Ǹjẹ́ ohun kan wà tí mo lè ṣe kí ìsìnlú mi tó parí, nígbà tí n kò tíì ní owó ìrànwọ́ kankan?

Olùkọ́ Fáfitì

Ó wà. Ẹ kọ́kọ́ lọ kí olórí ìlú, kí ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe àti ibi tí yóò gbà já. Lẹ́yìn náà, ẹ wá àkójọ 400 ọ̀rọ̀ ti Ìbàdàn, àwọn ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ tí a máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń sọ èdè, tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó béèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ẹ yẹ ìkànnì Roger Blench, olùwádìí èdè kan, wò, nítorí ó ti kó ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ èdè Plateau síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ṣeé ṣe kí èdè àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ mìíràn. Bí ẹ bá bá a níbẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kí ẹ gbé e lọ bá àwọn àgbà ìlú, kí wọ́n máa tún un ṣe. Ẹni tí kò bá yé wí pé ibí yìí kò rí bẹ́ẹ̀, tí ó sì lè sọ bí ó ṣe yẹ kí ó rí, ni kí ẹ fi ṣe abẹ́nà ìmọ̀.