Ọjọ́ mẹ́wàá ní Bangladesh pẹ̀lú báàgì ẹ̀yìn kan: ọ̀nà wo ni kí n gbà?

Olùkọ́ Alágbàkà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àkúrẹ́ ni mo ń gbé, iṣẹ́ olùkọ́ ni mo sì ń ṣe. Ní ìsinmi Kérésìmesì, mo fẹ́ fi ọjọ́ mẹ́wàá rin ilẹ̀ Bangladesh, èmi nìkan, pẹ̀lú báàgì kan péré tí mo lè gbé kọ́ ẹ̀yìn. Gbogbo ẹni tó gbọ́ ló ń bi mí pé kí ló dé tí n kò lọ sí Dubai, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń fẹ́ fojú ara mi rí ilẹ̀ tí àwọn ènìyàn ti kú nítorí èdè abínibí wọn. Mo ti kọ ibi mẹ́fà sílẹ̀: Dhaka, Srimangal, Sylhet, Cox's Bazar, Bagerhat àti igbó Sundarbans. Ǹjẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá á tó?

Ọmọ Ìdànrè:
Ẹ kú ìmúra, Olùkọ́. Kò lè tó. Ìhà àríwá ìlà-oòrùn ni Sylhet wà, Cox's Bazar wà ní gúúsù ìlà-oòrùn, Bagerhat sì wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Dhaka ló wà láàárín wọn, tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni ẹ ó máa padà sí ṣáá, nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ tí kò lẹ́gbẹ́. Àṣìṣe tí èmi ṣe nìyẹn: ọjọ́ mẹ́sàn-án, ìlú márùn-ún, ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì ni mo sì ti rí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ó ṣì ń dùn mí.

Bí mo bá tún lọ, ọ̀nà omi nìkan ni n ó tọ̀. Ẹ lo ọjọ́ mẹ́ta ní ìgboro àtijọ́ Dhaka. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, ẹ lọ sí èbúté Sadarghat létí odò Buriganga, kí ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi alájà púpọ̀ tó ń lọ sí Barisal, èyí tó máa ń gúnlẹ̀ ní ìdájí. Àjà ìsàlẹ̀, níbi tí èrò ti ń sùn sílẹ̀, ni owó rẹ̀ kéré jù. Mo tẹ́ aṣọ bí gbogbo èrò ti ṣe. Bàbá àgbàlagbà kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ṣí abọ́ ìrẹsì àti ẹja rẹ̀, ó pín in sí méjì, ó sì ti ìpín kan sí iwájú mi kí n tó lè sọ pé mo ti jẹun. Láti Barisal, ẹ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Bagerhat, níbi tí mọ́sáláṣí Shait Gumbad ti ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún wà. Òrùlé róbótó ọgọ́ta ni orúkọ náà ń sọ, àmọ́ 77 ló wà lórí rẹ̀, láìka ti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ibẹ̀ kò jìnnà sí Mongla, tí ọkọ̀ ojú omi ti ń wọ Sundarbans.

Ará Igbókòdá:
Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ Ọmọ Ìdànrè, ṣùgbọ́n kò mẹ́nu ba kùrukùru. Ní oṣù Kejìlá àti oṣù Kìn-ín-ní, ó lè bo odò débi pé ọkọ̀ á dúró fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Àwa ọmọ Ìlàjẹ tí a dàgbà sórí omi mọ̀ pé a kì í bá kùrukùru jà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọjọ́ méjì ó kéré tán sáàárín ìrìn odò àti ọjọ́ tí ẹ ó wọ bàálù padà. Bákan náà, láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí afárá orí odò Padma, lójú ọ̀nà Dhaka sí Barisal, tó gùn ju kìlómítà 6 lọ, ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, ọ̀pọ̀ èrò ti gba orí ilẹ̀ lọ, ọkọ̀ ojú omi sì ti dínkù. Ẹ béèrè ní èbúté gan-an. Ẹ mú aṣọ òtútù dání.

Olùkọ́ Alágbàkà:
Mo dúpẹ́ gidigidi. Mo ti yọ Sylhet, Srimangal àti Cox's Bazar kúrò. Ìwé wo ni kí n mú dání?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ gba físà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ aṣojú wọn kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì mú káàdì yẹ́lò tó fi hàn pé ẹ ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, nítorí wọn á béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá. Ọjọ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta ni ìsinmi wọn, nítorí náà ọjọ́ Àìkú ni kí ẹ lọ sí báńkì.

Ní ti ọ̀rọ̀ èdè tí ẹ sọ, ẹ lọ sí Shaheed Minar, ọwọ̀n ìrántí àwọn tó kú nítorí èdè náà, ní Dhaka. Ìtòsí ibẹ̀ ni ọlọ́pàá ti yìnbọn pa àwọn tó ń jà fún èdè Bengali ní ọjọ́ 21 oṣù Kejì ọdún 1952, ọjọ́ tí UNESCO wá sọ di ọjọ́ èdè abínibí lágbàáyé ní ọdún 1999. Ẹ lọ ní àárọ̀ kùtùkùtù kí èrò tó pọ̀, kí ẹ sì bọ́ bàtà kí ẹ tó gun orí pèpéle náà.