Ìbejì ni wọ́n, àmọ́ Kẹ́hìndé nìkan ni inú ẹ̀ ń bàjẹ́

Ìyá Ìbejì, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì:
Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bèèrè bóyá inú ẹ̀jẹ̀ ni ìbànújẹ́ ọmọ ti ń wá, ẹ gbọ́ tèmi. Àwọn ọmọbìnrin mi jọra débi pé tíṣà wọn kì í mọ èwo ni Táíwò. Àfi bí wọ́n ṣe wọ SS1 tí Kẹ́hìndé ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ń sùn lọ́sàn-án gangan, ó ní òun ò wúlò fún nǹkan kan.

Ẹbí ọkọ mi ní bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá àgbà ṣe, pé ìran ni, kò sóògùn ẹ̀. Létí ọmọ ni wọ́n ti ń sọ ọ́!

Nọ́ọ̀sì kan ní Adó, tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ, ló là mí lójú. Ó ní àjogúnbá wà níbẹ̀ lóòótọ́: nígbà tí wọ́n kó ìwádìí lórí àwọn ìbejì jọ lọ́dún 2000, bí 37 nínú 100 ohun tó ń mú kí ìsoríkọ́, ìyẹn ìbànújẹ́ tó ti di àìsàn, mú ẹnì kan, kó fi ẹlòmíràn sílẹ̀, ló jẹ mọ́ àbùdá. Ìyókù, ohun tójú kálukú rí ló pọ̀ jù níbẹ̀, kì í ṣe ilé tí wọ́n jọ ń gbé. Ó wá bi Kẹ́hìndé ní ohun tójú ẹ̀ rí tí Táíwò ò rí. Ọmọ bú sẹ́kún. Wọ́n ti gbé Táíwò sí kíláàsì sáyẹ́ǹsì, òun wà ní áàtì, àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ sì ń pè é ní "àbọ̀ Táíwò". Ní Èkìtì wa níbí, tí ilé kọ̀ọ̀kan ń ka iye ọ̀jọ̀gbọ́n tó bí!

Ọmọ Ìjerò:
Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí ẹnu ẹbí fi ọ̀rọ̀ ìyá àgbà pa mọ́. Ọmọ ọdún 16 ni mí nígbà tí tèmi bẹ̀rẹ̀, ọ̀lẹ ni mo pe ara mi. Ìgbà tí bàbá mi sọ pé ó ṣe òun náà rí, tí òun sì bọ́ níbẹ̀, ni ara tù mí. Dókítà náà bèèrè bóyá ó ti ṣe ẹnì kan rí nínú ẹbí wa kó tó bèèrè ohun mìíràn.

Ìyá Ìbejì, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì:
O ṣeun, àbúrò mi. Màá sọ ti ìyá àgbà fún un fúnra mi, bó o ṣe sọ ọ́ yìí. Lọ́jọ́bọ̀ la tún ń padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, Táíwò ní òun á bá wa lọ.