Ta ló ti gba ìwé ìpè ilé-ẹjọ́ ológun rí?

Ìyá Ṣadé (Texas): Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Irun ni mo ń dì nítòsí bárékè kan, n kò sì wọṣọ ológun rí láyé mi. Lọ́dún tó kọjá, orí oníbàárà ṣì wà láàárín ẹsẹ̀ mi nígbà tí ọkùnrin kan fi ìwé lé mi lọ́wọ́ pé kí n wá jẹ́rìí níwájú ilé-ẹjọ́ ológun, kí n sì mú ìwé tí mo ń kọ orúkọ oníbàárà sí dání, nítorí pé sójà kan ní ọ̀dọ̀ mi lòun wà lọ́jọ́ tí wọ́n ní òun ṣẹ̀. Mo lọ. Ta ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí?

Àlàní: Ẹ̀rù lásán ni wọ́n fi bà yín, mà. Sójà kò láṣẹ lórí ará ìlú.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ̀gbọ́n Àlàní, ẹ má kó ìyá wa sí ìjàngbọ̀n. Lábẹ́ ẹ̀ka 46 òfin ìdájọ́ ológun Amẹ́ríkà, ìwé ìpè wọn dà bíi ti ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀, ibi gbogbo tí ilẹ̀ náà dé ló sì dé. Bí ẹlẹ́rìí bá kọ̀ láìnídìí, adájọ́ ológun lè kọ̀wé àṣẹ pé kí US Marshal, òṣìṣẹ́ agbófinró ìjọba àpapọ̀, lọ mú un wá. Ní ti ìjìyà kíkọ̀ náà, ẹ̀ka 47 ní ilé-ẹjọ́ àpapọ̀ tí kì í ṣe ti ológun ni yóò gbọ́ ọ.

Àlàní: Ohun tí mo wí náà nìyẹn, wọn kò lè dá a lẹ́jọ́.

Bàbá Kọ́lá: Ẹ wo bó ṣe yọ́ kọjá!

Ìyá Ṣadé: Owó ọkọ̀ mi ńkọ́?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ìjọba ló ni ín, mà. Bí wọn kò bá ṣètò owó ẹlẹ́rìí àti ti ìrìn-àjò, ẹ̀sùn ẹ̀ka 47 kò lè dúró.

Bàbá Kọ́lá: Ìwé yẹn kò lè fipá mú ará ìlú jáde kúrò ní Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ ni kò lè mú ẹni tó wà nílé ní Nàìjíríà wá síbí. Àbúrò mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ sì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ṣáà fi ránṣẹ́ sóun, bóyá òun á fi gba físà.

Adérónkẹ́: Ẹ̀ ń ṣàwàdà. Èmi ò gbàgbé 1984, nígbà tí ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ ológun ju Bísí Ọnàbánjọ, gómìnà Ògùn tẹ́lẹ̀, sẹ́wọ̀n ọdún 22, tí ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò sì ní kí ọmọ ẹgbẹ́ má yọjú síbẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ìyẹn yàtọ̀, mà. Àṣẹ kẹta ọdún 1984 (Decree 3 ti ìjọba ológun) ló dá ìgbìmọ̀ yẹn sílẹ̀, kì í ṣe ilé-ẹjọ́ tó ń ṣẹjọ́ sójà. Ẹni tí ilé-ẹjọ́ ológun Nàìjíríà bá dá lẹ́bi lónìí lè lọ sí Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn, ó wà nínú ìwé òfin 1999.

Adérónkẹ́: Ẹni tó ti ṣẹ̀wọ̀n kò mọ ìyàtọ̀ yẹn.

Àlàní: Ìyá Ṣadé, ṣé sójà náà bọ́?

Ìyá Ṣadé: N kò mọ̀. Wọn kò tíì dá ìwé oníbàárà mi padà.