Iná ẹ́ńjìnnì tó tàn lọ́nà Kóbapẹ́: ẹ gbọ́ tèmi, kí ẹ sọ tiyín

Tíṣà Ọ̀bàǹtokò

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ kú iṣẹ́ òòjọ́. Ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ èyí. Owó tí mo ná kí ojú mi tó là kì í ṣe kékeré, ó sì máa ń dùn mí bí mo bá rí ẹlòmíràn tó forí lé ọ̀nà kan náà.

Corolla 2005 ni mo ń wà. Mo ń bọ̀ láti Ṣàgámù lọ́jọ́ kan, mo ti kọjá Ṣíún, ó ku díẹ̀ kí n dé Kóbapẹ́, ni iná ẹ́ńjìnnì tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù bá tàn. Mọ́tò ò kú o. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, epo tó ń mu sì ti ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mo gbé e lọ bá mẹkáníìkì mi. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tẹ́tí sí i, ó ní fúẹ́lì pọ́ǹpù ló ń kú lọ. A pààrọ̀ ẹ̀. Ó ní ó ku plọ́ọ̀gì. A pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Iná ò lọ. Ìgbà tó wá dárúkọ bíréènì-bọ́ọ̀sì, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ni mo ní kó jẹ́ kí n lọ ro ó sùn ná.

Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan ló mú ẹ̀rọ kékeré kan wá sílé-ìwé lọ́jọ́ kejì. Kò ju páálí ìṣáná méjì lọ. ELM327 ni wọ́n ń pè é, Bluetooth ló fi ń bá fóònù sọ̀rọ̀. Ó ní kí n tẹríba wo abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, lọ́wọ́ ibi tí sítíárìn wà. Mo wò ó, mo rí ihò kan tó fẹ̀ lápá kan tó sún kì lápá kejì, tó ní àyè irin wẹ́wẹ́ 16 nínú. Láti ọjọ́ tí mo ti ra mọ́tò yìí ni orúnkún mi ti ń kan ibẹ̀, n kò mọ̀ pé ó wà! A ti ẹ̀rọ náà bọ̀ ọ́, a yí kọ́kọ́rọ́ láì tíì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, fóònù gbé kóòdù àṣìṣe kan jáde: P0171.

Ohun tó túmọ̀ sí ni pé afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì ti pọ̀ ju epo tó ń bá pàdé lọ. Inú mi dùn, mo sáré padà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ibí yìí gan-an ni mo ti ṣe àṣìṣe tó dùn mí jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó wo kóòdù náà, ó ní, "Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn nìyẹn," ìyẹn ohun tó ń wọn ọ́síjìn inú èéfín mọ́tò. Èmi náà ò sì bi í pé báwo ló ṣe mọ̀. Mo ra tòkunbọ̀ ní ₦28,000, ó dè é, ó pa kóòdù rẹ́, iná lọ. Ọjọ́ kẹta, ní Pánṣẹ́kẹ́, iná tún yọjú.

Ẹlẹgbẹ́ mi ló wá jókòó tì mí tó fi nọ́ńbà tó ń yí lójú fóònù hàn mí. Bíréènì-bọ́ọ̀sì ló ń wọn epo fún ẹ́ńjìnnì. Bó bá rí i pé afẹ́fẹ́ pọ̀ jù, á máa bu epo kún un, á sì máa kọ iye tó ń bù kún un sílẹ̀, ní ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Mọ́tò tára rẹ̀ dá kì í jìnnà sí òdo. Tèmi wà ní 24 nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ tí n kò tẹná. Ìgbà tí mo tẹná dé nǹkan bíi yíyí 2,500 ní ìṣẹ́jú kan, ó wálẹ̀ sí 7. Ó ní bó bá ti rí báyìí, afẹ́fẹ́ kan ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ihò tí afẹ́fẹ́ yẹn ń gbà kò sì yí padà o: ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń mí jẹ́jẹ́ ni afẹ́fẹ́ olè yẹn ń hàn, bó bá ti ń mí gidi, kò já mọ́ nǹkan kan mọ́.

A ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì lábẹ́ igi máńgòrò tó wà lọ́gbà ilé-ìwé, mọ́tò ń ṣiṣẹ́ lọ. Mo ń fi ìka tọ gbogbo rọ́bà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó nípọn bí àtàǹpàkò mi, tó jáde láti ara ìdérí ẹ́ńjìnnì tó lọ wọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Lókè, ó ń dán, kò sí ohun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n abẹ́ ibi tó ti tẹ̀, tí ojú ò tó, ó ti sán bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Mo fi àtàǹpàkò dí i, ó fa ìka mi mọ́ra. Gbígbọ̀n yẹn dáwọ́ dúró. Ẹlẹgbẹ́ mi tó di fóònù mú ń ka nọ́ńbà bó ṣe ń wálẹ̀: 19, 13, 8. Mo mú ọwọ́ kúrò, ó tún bẹ̀rẹ̀.

₦2,500 ni rọ́bà yẹn. Sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n tú kúrò ṣì wà nílé mi títí dòní, kò ní àléébù kankan. Òun ló kúkú sọ òótọ́ pé afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù. Ẹni tó mú ẹjọ́ wá la lọ nà.

Ẹ̀yin ńkọ́?

Awakọ̀ Láfẹ́ńwá

Tíṣà, ẹ kú ọpọlọ. Èmi ra tèmi, mo gbé e dé ìdí Micra mi, ẹnu rẹ̀ kò bá ihò mu rárá. Micra 1997 ni. Mo ti ń múra láti lọ dá a padà fún ẹni tó tà á, kí riwáyà kan ní páàkì wa tó là mí lọ́yẹ. Mọ́tò tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti 1996 ni òfin ti mú un ní dandan pé kó ní ihò oní-16 yẹn. Àwọn tó wá láti Yúróòpù tó ń lo pẹtiróòlù, 2001 ni tiwọn. Ihò tí Nissan ṣe fúnra rẹ̀ nígbà yẹn ló wà nínú tèmi, irin 14 ló ní. Ẹ̀yin onítakisí ẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹríba wo abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù yín kí ẹ tó náwó.

Ìyá Aládìrẹ, Ìtokú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. N kò gbọ́ èdè mọ́tò, aṣọ ni mo mọ̀. Camry 2003 ni mo fi ń kó ọjà. Àárọ̀ ọjọ́ kan, ẹrù kún bùútù, mo ń gun òkè jáde ní Ìtokú, mọ́tò ò lágbára mọ́, ó ń ta gìjí, ta gìjí. Iná ẹ́ńjìnnì ò sì tàn kó dúró, ó ń ṣẹ́jú ni. Ibi tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ, wọ́n ní gíà ni. Iye tí wọ́n dá lé mi, mi ò lè kọ ọ́ síbí.

Ọmọ mi ọkùnrin tó wà ní FUNAAB ló ní, "Màámi, ẹ má tíì san kọ́bọ̀." Ó dé lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú ẹ̀rọ rẹ̀. P0303 ló jáde. Ó ní sílíńdà kẹta ni kò jó dáadáa, pé kì í ṣe gíà. Èmi rò pé ọjà ló kàn láti lọ rà, ó ní rárá. Ó fi sípánà 10 tú kọ́ìlì, ohun tó ń fún plọ́ọ̀gì níná, tó wà lórí ẹni kẹta, ó gbé e sórí ẹni àkọ́kọ́, ó gbé ti àkọ́kọ́ wá síbi ẹni kẹta. Ó ní bí àìsàn bá bá kọ́ìlì lọ, a jẹ́ pé kọ́ìlì ló ń ṣàìsàn. Bó bá dúró síbi tó wà, ká wá plọ́ọ̀gì wò, tàbí ojú tó ń tú epo. Ó pa kóòdù rẹ́, ó wà á yí àdúgbò ká lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tó padà dé, P0301 ló kọ.

Àìsàn ti ṣí lọ sílé kejì. Kọ́ìlì kan ṣoṣo la rà.

Ó kìlọ̀ fún mi pé bí iná bá ń ṣẹ́jú báyẹn, kí n má fi mọ́tò rin ìrìn gígùn, torí epo tí kò jó nínú ẹ́ńjìnnì á lọ jó nínú ohun tó ń fọ èéfín lábẹ́ mọ́tò, á sì bà á jẹ́. Ohun ọ̀hún wọ́n ju kọ́ìlì lọ fíìfíì.

Mẹkáníìkì Àdátán

Ẹ ǹlẹ́ níbẹ̀ o. Mẹkáníìkì ni mí, mo ti lé ní ogún ọdún nídìí iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yín dùn mí bí mo ṣe ń kà á, ṣùgbọ́n n kò ní jiyàn, ọ̀pọ̀ wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ wa nìyí: mọ́tò tó bá ń gbóná jù, yọ thermostat, ohun tó ń dí omi títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná, dànù, ilẹ̀ wa ò ní òtútù. Mo yọ ọ́ nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò. Ọdún tí mo ra ẹ̀rọ tí ń ka kóòdù, Corolla kan dé, oní-nǹkan ń kédàárò epo. P0128 ló wà níbẹ̀. Mo fi ẹ̀rọ sílẹ̀ nínú ihò, mo wà á lọ sọ́nà Ṣàgámù láàárọ̀ kùtù, mo ń wo ìgbóná omi rẹ̀. Kò kọjá 68 ní ìwọ̀n Celsius, bẹ́ẹ̀ thermostat irú mọ́tò yẹn kì í tilẹ̀ ṣí títí yóò fi dé nǹkan bíi 80. Ẹ́ńjìnnì tí kò gbóná tó, bíréènì-bọ́ọ̀sì á rò pé òtútù ló ń mú un, á máa bu epo fún un. Mo ṣí ilé thermostat náà, òfìfo ló wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ará, èmi ni mo yọ ọ́, lọ́dún méjì sẹ́yìn. Mo ra tuntun, mo dè é fún un láìgba kọ́bọ̀, mo sì tọrọ àforíjì. Láti ọjọ́ náà, bí mọ́tò bá ń gbóná, ohun tó ń mú un gbóná ni mo ń wá: fáànù, redíétọ̀, omi tó ń jò.

Ẹ̀bẹ̀ mi kan rèé. Ẹ má pa kóòdù rẹ́ kí ẹ tó gbé mọ́tò wá bá wa. Ìṣẹ́jú tí kóòdù bá wọlé, bíréènì-bọ́ọ̀sì máa ń fi ipò tí mọ́tò wà pa mọ́: bó ṣe gbóná tó, eré tó ń sá, bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí. Ẹ pa kóòdù rẹ́, gbogbo ìyẹn bá a lọ. Oníbàárà mi kan pa tirẹ̀ rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi wá ohun tí ǹ bá rí ní wákàtí kan.

Bí kóòdù bá sì pọ̀ lọ súà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kọ́kọ́ wo bátìrì. Mọ́tò kan wá pẹ̀lú kóòdù mọ́kànlá. Mo fi mítà wọn iná rẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́, fólìtì 12.1 ni, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kó lé ní 13.5. A tún álítánétọ̀ ṣe, mẹ́wàá nínú kóòdù yẹn ò padà wá mọ́.

Àbúrò kan ní Ìbarà

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ra mọ́tò lọ́wọ́ ẹnìkan, mo bá a lọ. Iná kankan ò tàn, kóòdù kankan ò sí. Ṣùgbọ́n lójú fóònù, àwọn àyẹ̀wò tí mọ́tò máa ń ṣe fúnra rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló kọ pé òun ò tíì parí. Ìyẹn ni pé ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kóòdù rẹ́, tàbí kó ti tú bátìrì. A bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ká wà á dé Ìta-Èkó. Ká tó padà dé, P0302 ti ń rúnra bọ̀, kò tíì tan iná. Ẹ̀gbọ́n mi kí ọkùnrin náà pé ó dàbọ̀.

Tíṣà Ọ̀bàǹtokò

Ẹ ṣeun gan-an, Ìyá wa ní Ìtokú, ẹ bá mi kí ọmọ yín.

Ẹ̀gbọ́n Àdátán, mo dúpẹ́ pé ẹ sọ ti thermostat yẹn síta. Mo fẹ́ gbé Corolla mi wá bá yín lọ́jọ́ Sátidé bí ààyè bá wà. P0442 ló wà níbẹ̀ báyìí, láti ọ̀sẹ̀ méjì, ìyẹn ni pé oruku epo ń jò díẹ̀ níbì kan. Mo ti dé ìdérí táńkì epo le, mo tún ra òmíràn, kò lọ. Mi ò tíì ra nǹkan mìíràn, mi ò sì tíì pa á rẹ́.