Òrùka epo lórí kánfáàsì tí kò ní gesso

AláwọÀlùkò:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ayàwòrán. Ọ̀nà Helen Frankenthaler, obìnrin ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, ni mo fẹ́ gbà ṣiṣẹ́, bó ṣe wà nínú àwòrán rẹ̀, Mountains and Sea (1952): ọ̀dà elépo tí tapentáìnì ti là, tí wọ́n dà sórí kánfáàsì lásán tí wọn ò kun gesso sí (ọ̀dà funfun ìpìlẹ̀ tó ń dí ojú aṣọ). Òrùka epo ń yọ yí àwọ̀ ká, ọ̀dà sì ń ṣù jọ lórí aṣọ láwọn ibì kan, kò wọlé. Kí ló fà á? Báwo sì ni àpáta àti òkun ṣe ń di àwòrán tí kò jọ àpáta, tí kò jọ òkun?

Ọ̀jẹ̀Ọlọ́dà:
Lúbúlúbú àwọ̀ máa ń há sáàárín òwú, epo linseed tó wà nínú ọ̀dà kì í há. Tapentáìnì ló ń gbé e lọ títí á fi gbẹ, nítorí náà, bí ọ̀dà bá ṣe ṣàn tó ni òrùka ṣe ń gbòòrò tó. Òrùka yìí wà lára Mountains and Sea gan-an. Èyí tó burú jù ni pé epo yìí ń yọ ásíìdì bó ṣe ń gbẹ. Aṣọ á pọ́n, á gan, á sì máa ya. Frankenthaler fúnra rẹ̀ bọ́ sórí acrylic (ọ̀dà tí omi ń là, tí kò ní epo) níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ẹ̀yin náà, ẹ bọ́ síbẹ̀.

Aṣọ_Ọ̀fì:
Sítáàṣì ara kánfáàsì tuntun ló ń lé ọ̀dà. Ohun kan náà ló ń mú kí aláró fọ aṣọ tuntun kó tó rẹ ẹ́. Ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ẹ sá a gbẹ kẹ́ ẹ tó gé e, torí yóò sún kì. Tẹ́ ẹ bá ti lo acrylic, ọ̀dà ṣíṣàn ìwọ̀n 1, omi ìwọ̀n 3 tàbí 4. Ẹ fi flow release (èròjà tó ń jẹ́ kí ọ̀dà tètè wọ aṣọ) sínú omi náà ṣáájú, ìwọ̀n 1 sí omi ìwọ̀n 20. Tó bá pọ̀ jù, ojú àwòrán á máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Aṣọ tútù ló ń jẹ́ kí etí àwọ̀ rọ̀, gbígbẹ ló ń jẹ́ kó mú. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀dà dúró lórí náílọ́ọ̀nù tẹ́ ẹ tẹ́ sábẹ́, á gba ẹ̀yìn wọlé padà. Ẹ dán gbogbo àwọ̀ wò lórí àjákù: tó bá gbẹ, á ṣì.

Ọ̀jẹ̀Ọlọ́dà:
Ní ti àpáta: oṣù kẹjọ ọdún 1952 ni Frankenthaler wà ní Nova Scotia ní Kánádà, tó ń fi ọ̀dà olómi ya etíkun kéékèèké. Ní October 26, ní New York, ó tẹ́ aṣọ tó fẹ̀ tó mítà 2.2 sí 3 sílẹ̀, ó fi èédú fa ìlà díẹ̀, ó wá da ọ̀dà. Kò ṣe àdàkọ. Ó ní àwọn ilẹ̀ náà ti wà ní apá òun. Nítorí náà, ẹ ya ibì kan náà léraléra níta, ẹ kó wọn pamọ́, kẹ́ ẹ wá fi ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré bẹ̀rẹ̀: gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ibi tí omi ti pàdé ilẹ̀. Ẹ fi àyè aṣọ lásán sílẹ̀, òun ni ìmọ́lẹ̀ yín, torí ohun tó bá ti wọlé kò ṣeé pa rẹ́. Ìgbà tó bá gbẹ tán lẹ máa pinnu ibi tẹ́ ẹ ó gé etí rẹ̀ dé.

AláwọÀlùkò:
Ẹ ṣé gan-an. Tí mo bá kun gesso sẹ́yìn aṣọ ńkọ́, ṣé kò ní dá epo dúró?

Aṣọ_Ọ̀fì:
Rárá o. Iwájú ni epo ń gbà wọlé, inú òwú ló sì ń gbé.